Fúláwà tàbí ẹ̀fọ́: èwo ni kẹ́ ẹ gbìn síwájú ilé n'Ílọrin?

Ọdún tá a kó dé ilé wa ní Táńkẹ̀, mo ra fúláwà mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Mẹ́ta nínú wọn ní orí pupa tó ká jọ bí ogbe àkùkọ. Ẹni tó tà á fún mi ní fúláwà òyìnbó ni. Oṣù kejì ni ìyá ọkọ mi dé láti Òmù-Àrán. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀. Wọ́n já ewé kan, wọ́n rún un, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n tún gbo orí òdòdó náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fẹ́ pàǹtí rẹ̀ dànù, ó wá ku hóró dúdú wínníwínní tó ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "ṣọkọ lo fowó rà yìí. Kí ló dé tó o jẹ́ kó gbó mọ́ ìdí?"

Mo ní, "Fúláwà ni, Mà." Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìgò kékeré tí wọ́n fi kó irúgbìn ṣọkọ wá fún wa láti ilé, wọ́n da díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Mo wò ó títí, mi ò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbin fúláwà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ lójú kan náà, tí mo sì ń fi wọ́n wéra. Ohun tí mo rí ni pé fúláwà, ẹ̀fọ́ àti èpò, àwa la fún wọn lórúkọ yẹn. Ibi tí ewéko bá hù sí àti ohun tá a fẹ́ lára rẹ̀ ló ń sọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí sọ pé gbogbo ohun tó bá tanná ló ṣeé sè o. Àwọn kan wà tó lè pa ọmọ. Màá dé orí wọn.

Ṣọkọ ọbẹ̀ àti ṣọkọ ológbe

Àwọn onímọ̀ ewéko ò fi àwọn méjèèjì sí ìdílé ọ̀tọ̀. Celosia argentea ni wọ́n ń pe ṣọkọ. Wọ́n kàn fi cristata kún orúkọ ti ológbe ni. Ohun tó yà wọ́n ni ohun tí àwọn tó ń gbìn wọ́n ń ṣà tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ìyá wa ń tọ́jú irúgbìn èyí tó léwé púpọ̀, tí kì í tètè yọ òdòdó. Àwọn olólùfẹ́ fúláwà ń tọ́jú èyí tí orí rẹ̀ bá tóbi.

Ẹ ó rí i lára wọn. Ewé ṣọkọ ọbẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, tẹ́ ẹ bá sì gé orí rẹ̀, ẹ̀ka á yọ lọ́tùn-ún lósì. Òdòdó tiẹ̀ rí ṣóńṣó, ó funfun, ó ń dán bíi fàdákà, àwọn mìíràn sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Ti ológbe ò ga, ewé rẹ̀ ò pọ̀, á sì ti gbé ogbe rẹ̀ jáde kí ewé rẹ̀ tó tó ọbẹ̀ ẹnì kan. Ẹ̀yà kan tún wà láàárín tí igi àti ewé rẹ̀ pọ́n. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Tẹ́ ẹ bá bọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á pọ́n bí omi osùn, ẹ̀rù á ba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ da omi yẹn nù, ewé tó kù nínú asẹ́ á padà di aláwọ̀ ewé bíi ti àwọn yòókù.

Ṣé ewé ológbe ṣeé jẹ? Ó ṣeé jẹ nígbà tó bá ṣì kéré. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ bá rà lẹ́bàá títì, ẹ má fi ewé rẹ̀ sínú ìkòkò, torí ẹ ò mọ oògùn kòkòrò tí wọ́n fín sí i. Ẹ jẹ́ kó gbó, ẹ gba irúgbìn rẹ̀, ẹ gbin in fúnra yín.

Irúgbìn yẹn kéré gan-an. Tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sí. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, kẹ́ ẹ sì má fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, kẹ́ ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó lè tún yọ. Tó bá ti gbé òdòdó jáde tán, ewé rẹ̀ á le, á sì máa korò díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní ó ń sọ ọkọ di yọ̀kọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá sè é lẹ́yìn tó ti gbó, ọkọ ò ní jẹ ẹ́ tán.

Ohun tó ń bá a jà jù lójú tèmi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹ ó kàn rí i pé ó ń rọ lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀ omi wà nídìí rẹ̀. Ẹ fà á tu. Tí gbòǹgbò rẹ̀ bá wú kókó-kókó bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, aràn tíntìntín inú ilẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Kò sí oògùn tí mo lè sọ pé kẹ́ ẹ dà sí i. Ẹ kúrò lójú ibẹ̀, ẹ má gbin ilá tàbí tòmátì síbẹ̀ nítorí aràn yẹn fẹ́ràn àwọn náà, ẹ fi ibẹ̀ gbin àgbàdo fún sáà kan.

Bó bá jẹ́ pé ojú ilẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, ṣọkọ ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbìn, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tanná. Ẹ ó rí fúláwà, ẹ ó sì rí irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ẹ gé àwọn orí náà kó tó gbẹ jù o, nítorí tó bá fọ́nká, gbogbo inú ọgbà ló máa hù sí. Ní Íńdíà, èpò oko ni wọ́n ka ṣọkọ sí.

Tẹ̀tẹ̀ jẹ́ ìbátan ṣọkọ, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbìn létí odò Àsà tí wọ́n ń kó wọ ọjà, ẹ lè gbìn ín níbikíbi tí ìgbẹ́ adìyẹ bá wà. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó ń hù fúnra rẹ̀ nídìí fẹ́ǹsì ṣeé jẹ nígbà tó bá kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀gún rẹ̀ máa ń yọ ní oríkèé ewé, ọwọ́ yín ló máa san owó ọbẹ̀ yẹn. Ẹ fà á tu kó tó so. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀.

Gbúre, pápásán, àti pápásán òyìnbó

Ẹ̀yin tí ilé yín wà lábẹ́ máńgòrò, gbúre ni tiyín. Òun ló lè fara da ibi tí oòrùn ò ti wọlé dáadáa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gbóná ló ti wá, àmọ́ ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé inú oríkì ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ ki igi rẹ̀ bọlẹ̀, ó ti hù nìyẹn. Òdòdó rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó kéré, ó lẹ́wà. Kì í là láàárọ̀ kùtùkùtù, ó dìgbà tí oòrùn bá gun òkè díẹ̀.

Pápásán ń nà sílẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò bíńtín. Oòrùn ni tiẹ̀. Ìyẹ̀pẹ̀ yanrìn-yanrìn tó pọ̀ n'Ílọrin yìí kò ṣe é ní nǹkan kan, pàápàá láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta tí gbogbo nǹkan ń gbẹ. Àwọn tó ń ta fúláwà ní ìbátan rẹ̀, pápásán òyìnbó, tí òdòdó rẹ̀ tóbi, tó pọ́n, tó funfun, tó rí bí ọsàn. Ewé tiẹ̀ rí róbótó bí abẹ́rẹ́ tó nípọn. Nítorí ẹwà nìkan ni mo ṣe ń gbin ìyẹn. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, kò ní là.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ já pápásán nídìí ilé, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ wò. Èpò kan wà tó máa ń nà sílẹ̀ bíi tiẹ̀, tí igi rẹ̀ náà pọ́n. Tí oje funfun bá ti jáde bíi wàrà níbi tẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ẹ, ẹ jù ú nù, kì í ṣe pápásán. Pápásán ò lóje funfun, omi lásán ló wà nínú rẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ mi, ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ.

Àti gbúre àti pápásán ní èròjà kan tó ń ṣe okùnfà òkúta inú kíndìnrín fún ẹni tó bá ti ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún, kó má jẹ wọ́n lójoojúmọ́, kó sì bọ̀ wọ́n kó da omi rẹ̀ nù. Tẹ́ ẹ bá sì ń ro wọ́n bí èpò, ẹ kó wọn kúrò lórí ilẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ lálẹ́ sórí èyí tẹ́ ẹ hú sílẹ̀, ẹ ó bá wọn láàyè láàárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gòdògbódò, èyí tí òdòdó rẹ̀ búlúù bí aró. Mo gbà pé ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà nínú rẹ̀ tó ń tanná nísàlẹ̀ ilẹ̀, tó ń so síbẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i. Ẹ ò lè fi ọkọ́ bá a parí ìjà. Ẹ fà á tu tòun ti gbòǹgbò, kẹ́ ẹ gbé e fún ewúrẹ́.

Ìṣápá àti fúláwà hibiscus

Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń bi mí pé ṣé hibiscus pupa tó wà lára fẹ́ǹsì ni wọ́n fi ń ṣe sóbò. Òun kọ́. Ìbátan ni wọ́n, ilá náà sì wà nínú ẹbí yẹn. Ẹ fi òdòdó ilá ti òdòdó ìṣápá, ọ̀fun àwọn méjèèjì pọ́n dúdú bákan náà. Ṣùgbọ́n sóbò kì í ṣe òdòdó rárá. Òdòdó ìṣápá á là láàárọ̀, á rọ kí ilẹ̀ tó ṣú, á já bọ́. Èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀, tó nípọn, tó yí èso ká bí ọwọ́ tó di nǹkan mú, òun la máa ń ká. Ẹ ká a kí èso inú rẹ̀ tó gbó tó sì le, kẹ́ ẹ sá a lábẹ́ ìbòòji kí àwọ̀ rẹ̀ má ṣá.

Pupa ni ti sóbò, funfun ni ti ọbẹ̀. L'Ígbómìnà, ọbẹ̀ ìṣápá kì í ṣe ọbẹ̀ ọjọ́ lásán. Ìyá ọkọ mi á bọ ìṣápá funfun pẹ̀lú káún díẹ̀, wọ́n á dà á sínú asẹ́, wọ́n á fi omi tútù fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n á tún fọ̀ ọ́. Ìgbà tí kíkan rẹ̀ bá ku èyí tó kàn ń ta ahọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n tó dà á sínú ẹ̀gúsí. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ títí kíkan rẹ̀ fi tán, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ nípa ìṣápá ni pé ó ń ka gígùn ọjọ́. Mo gbin ìdajì ní oṣù karùn-ún, mo gbin ìdajì ní oṣù kẹjọ, mo rò pé àwọn ti àkọ́kọ́ máa ṣáájú so. Rárá o. Ìgbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wọ̀, lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, ni gbogbo wọn yọ òdòdó pọ̀. Àwọn ti oṣù karùn-ún ti ga jù mí lọ, ẹ̀ka wọn kún. Àwọn ti oṣù kẹjọ ò kọjá ìbàdí mi. Nítorí náà, ẹ má fi òjò àkọ́rọ̀ ṣòfò, kẹ́ ẹ sì fi àyè tó mítà kan sáàárín wọn.

Ẹ tún sọ fún ẹni tó ń bá yín ro ilé. Lọ́dún kan, ẹni tó ń bá wa ro ó fi ọkọ́ hú gbogbo ìṣápá mi, ó ní èpò ni. Mi ò lè bá a wí púpọ̀. Ewé ìṣápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ò là sí ọ̀nà mẹ́ta bí èyí táwọn èèyàn mọ̀. Ewé kan ṣoṣo ni, róbótó, tí kò jọ nǹkan kan. Ìgbà tó bá ga sókè ni ewé orí rẹ̀ tó ń là. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ri igi kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Hibiscus fẹ́ǹsì ní tiẹ̀ kì í kú lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ ki i bọlẹ̀ nígbà òjò, á ta gbòǹgbò. Á máa tanná láti ọdún dé ọdún, kò sì ní májèlé. Kòkòrò funfun tó dà bí òwú ni ọ̀tá rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ gé ẹ̀ka yẹn jìnnà, ẹ sun ún. Tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bá jẹ́ ohun tó máa bo fẹ́ǹsì lójú ní gbogbo ọdún, hibiscus ni. Ìṣápá á ti gbẹ kí ọyẹ́ tó lọ, fẹ́ǹsì yín á sì hàn gbangba. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, màá fara mọ́ oṣù mẹ́rin ìhòòhò yẹn nítorí ọbẹ̀.

Jogbo, Akíntọ́lá, yánrin

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìlọrin sí Ajàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán ní oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá mọ jogbo. Òdòdó yẹ́lò ńláńlá, tó ga ju èèyàn lọ, lọ́tùn-ún lósì títì. Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ló ti wá, nítorí ẹwà rẹ̀ ni wọ́n sì fi kó o kiri ayé kó tó di èpò mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó korò gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ. Ẹ má mú un wọ àyíká ilé. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gé e wá kó tó tanná, nígbà tí igi rẹ̀ ṣì rọ̀, kẹ́ ẹ ri ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ebè ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbin ẹ̀fọ́. Ajílẹ̀ tó dáa ni, ó tètè ń jẹrà, ọ̀fẹ́ ni.

Akíntọ́lá, èpò tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, ò ní ẹwà tó bẹ́ẹ̀. Àárín irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Sri Lanka láàárín ọdún 1930 sí 1940 ló fara pamọ́ sí wọ orílẹ̀-èdè wa. Afẹ́fẹ́ ń gbé irúgbìn rẹ̀. Tó bá gbẹ lásìkò ọyẹ́, iná kékeré ló ń dúró dè. Ẹ hú u.

Yánrin náà ní òdòdó yẹ́lò, ṣùgbọ́n ewé tiẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ yípo ojú kan, òdòdó rẹ̀ sì máa ń di òwú tó ń fò. Òun ní tiẹ̀ lóje funfun, ẹ̀fọ́ gidi sì ni. Òfin oje tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pápásán nìkan ló wà fún.

Àwọn tí mi ò ní gbìn níbi tọ́mọdé wà

Olómi-òjò, igi tí òdòdó yẹ́lò rẹ̀ rí bí agogo tó dorí kodò, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó pọ̀ láwọn ilé àtijọ́. Kóró inú èso rẹ̀ ń ba ọkàn jẹ́, ó sì ti pa èèyàn púpọ̀ ní Sri Lanka. Mo bẹ ẹni tó gba ilé tí igi náà wà pé kó sọ fún onílé kí wọ́n gé e.

Tannápowó ò le tó ìyẹn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún un. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń tanná, òórùn dídùn rẹ̀ sì máa ń kún iwájú ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ dúdú, ó rí bí iyèré, ọmọ lè jù ú sẹ́nu. Májèlé wà nínú rẹ̀ àti nínú gbòǹgbò rẹ̀. Ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi pé ọdún méje ni mo tó gbìn ín.

Ẹ̀wọ̀n-adélé, olódòdó wẹ́wẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí láti yẹ́lò sí pupa, ń ṣe màlúù àti àgùntàn léṣe tí wọ́n bá jẹ ewé rẹ̀. Ibi táwọn Fúlàní ti ń da ẹran kọjá, ẹ má gbìn ín.

Èyí tó ń gun fèrèsé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi alamáńdà, fúláwà yẹ́lò tó ń fà, bo irin fèrèsé. Oje rẹ̀ máa ń mú kí ara yún èèyàn, ìgbẹ́ gbuuru ni fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Amúnútutù ń fà bákan náà. Ẹ wá èyí tí igi rẹ̀ pọ́n, kì í ṣe aláwọ̀ ewé. Igi pupa, ewé tó nípọn tó ń dán, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tó pọ́n létí, lẹ́yìn náà èso dúdú tó ń pa ọwọ́ láró. Ẹ ki igi rẹ̀ gígùn tó ìka mẹ́ta bọ ìkòkò tàbí garawa tó ti lu, ẹ ta okùn fún un lọ sókè, kẹ́ ẹ máa bomi rin ín lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní ọ̀kan lójú fèrèsé ilé ìdáná. Tí ata bá ti ń hó lórí iná, màá kàn na ọwọ́ gba àárín irin, màá já ewé mẹ́wàá. Ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò ti gbìyànjú títí, ẹnu wọn ò tó o.